Táì sílíkì tó ti rún: bẹ́ ẹ ṣe máa nà á láì bà á jẹ́

Okun o, gbogbo ilé. Ọdún Kérésì ń bọ̀, àwọn èèyàn wa tó wà l'Ábújá àti l'Ékòó máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìgbéyàwó á pọ̀, ìsìnkú á pọ̀, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì á pọ̀, gbogbo ọkùnrin á sì máa wá táì tó máa so sọ́rùn. Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n máa ń kó táì wá bá wa níbi tá a ti ń fọ aṣọ ní Kabba, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, ohun tó ba táì yẹn jẹ́ kì í ṣe pé ó rún, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fẹ́ fi mú ìrún kúrò lára ẹ̀ ló bà á jẹ́. Ó máa ń dùn mí gan-an ni. Táì tó jẹ́ pé ká ní wọ́n kàn gbé e kọ́ mọ́jú ni, á ti nà fúnra ẹ̀, wọ́n á gbé áyọ́ọ̀nù tó ti gbóná janjan lé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú ẹ̀ á wá máa dán gbinrin níbi tí irin ti kàn án, etí ẹ̀ méjèèjì á sì lẹ̀ pẹlẹbẹ. Etí yẹn ṣì ṣeé tún ṣe díẹ̀, màá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, ṣùgbọ́n dídán yẹn, ó ti bá a lọ nìyẹn.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni pé ooru omi àti àkókò ló ń na táì sílíkì, irin ò gbọdọ̀ fara kàn án àfi tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá ti kọ̀, tó bá sì máa kàn án náà, aṣọ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé sílíkì ni. Ẹ yí táì yẹn padà, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀, á kọ 100% silk síbẹ̀. Èyí tó wá láti Ítálì lè kọ “seta”, ti Faransé á kọ “soie”, sílíkì náà ni gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ polyester ni wọ́n kọ, ara ike ni òwú yẹn ti wá, ìyà tó lè jẹ ẹ́ yàtọ̀, kì í tètè rún, tí áyọ́ọ̀nù bá sì gbóná jù fún un ṣe ló máa yọ́ mọ́ ojú irin. Èyí tá a ń rà ní òkìríkà, wọ́n lè ti gé lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kúrò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo inú táì yẹn, níbi tí wọ́n ti pa á pọ̀, ẹ fa òwú kan ṣoṣo jáde níbi tí kò ní hàn, ẹ bọ́ síta gbangba, ẹ fi ìmúrun mú un, ẹ ṣáná sí i. Sílíkì á máa rùn bí irun tó ń jóná, eérú ẹ̀ á dúdú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rún un á fọ́ lúbúlúbú. Pólíẹ́sítà á yọ́, á wá ṣe kóró kékeré kan tó le. Òwú lásán, ìyẹn kọ́tìnnì, á máa rùn bí ìwé tó ń jó. Ẹ má dán an wò nítòsí gáàsì o.

Ìdí tí sílíkì fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe ni pé kì í ṣe ara igi tàbí ewé ló ti wá. Kòkòrò kan ló ń tu òwú yẹn jáde tó fi ń wé ara ẹ̀ kó tó di labalábá, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń sìn ín fún aṣọ, òwú ilé kòkòrò kan ṣoṣo sì lè gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa náà, sányán tí àwọn bàbá wa ń dá sí agbádá, òwú kòkòrò inú igbó tiwa ni. Purotéènì ni òwú yẹn, bí irun orí wa náà ṣe jẹ́ purotéènì, ìyẹn ló jẹ́ kí ìwà wọn jọra. Tí irun bá gbẹ lórí bẹ́ ẹ ṣe dì í, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà. Tí ọ̀rinrin àti ooru bá kàn án, á rọ̀, á gbà kẹ́ ẹ tún un ṣe, tó bá wá tún gbẹ, ibi tẹ́ ẹ fi í sí ló máa dúró sí. Bí ìrún ṣe ń wọ táì nìyẹn: ọrùn yín làágùn, ara yín gbóná, kókó táì ti fún un mọ́lẹ̀, ó gbẹ bẹ́ẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà lẹ sì máa fi yọ ọ́, ọ̀rinrin díẹ̀, ooru díẹ̀, ẹ tún un tò, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó dọ́rùn. Àwọn tó ń so táì tó ṣì lọ́rinrin, wọ́n tún ń fi ìrún tuntun sí i ni.

Ẹ tún mọ bí wọ́n ṣe ń rán an, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ etí tó lẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn wà. Táì tó dáa, kírọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń gé e, ìyẹn láti igun dé igun, kì í ṣe gbọọrọ bí aṣọ ṣe wà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa fà tí á tún padà sípò. Ọkùnrin kan ní New York tó ń jẹ́ Jesse Langsdorf ló gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí láwọn ọdún 1920, aṣọ mẹ́ta tí wọ́n gé ní kírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pa pọ̀. Aṣọ míì tó nípọn wà nínú ẹ̀, èyí tó dáa máa ń jẹ́ aṣọ onírun àgùntàn, òun ló ń fún táì lára. Wọ́n á wá fi òwú kan ṣoṣo tó gùn rán ẹ̀yìn ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn ò ní fà á le, kó lè máa bá aṣọ yẹn rìn. Tẹ́ ẹ bá tú ẹnu táì wò, ẹ lè rí òwú yẹn tó yọ kékeré bí òrùka kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé e, ẹ má fà á. Ẹ̀gbẹ́ táì wá ń ṣe rọ́bọ́rọ́bọ́, wọn ò tẹ̀ ẹ́ pa láti ìbẹ̀rẹ̀. Táì tí etí ẹ̀ mú bíi ti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mọ aṣọ á mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é léṣe.

Ó yá, iṣẹ́ yá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn jù, tí ìyẹn bá ti gbà ẹ má kọjá ibẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ tú u dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn bọ̀dá wa ni kì í tú táì, wọ́n á kàn fà á wálẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ lórí, wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí di Sunday tó ń bọ̀, àwọn míì ẹlòmíì ló bá wọn so ó lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn tí wọn ò sì fẹ́ kí ó tú mọ́. Ẹ̀yin àwọn ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ́ṣà, àwọn tíṣà, mo bẹ̀ yín, èyí náà ń ba táì sílíkì jẹ́ gan-an nílùú wa, bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń bà á jẹ́. Ibi tí kókó yẹn wà, òwú ẹ̀ ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti ṣẹ́ tán kò sí ooru omi tó máa tò ó padà. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ó, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ̀dọ́ kan nínú ilé tó fi hàn yín. Bẹ́ ẹ bá sì ń tú u, ẹ má kàn di ìdí kékeré mú kẹ́ ẹ fà á yọ kíà látinú kókó, ọ̀nà tó gbà wọlé ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbà jáde, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Tẹ́ ẹ bá ti tú u, ẹ gbé e kọ́. Ẹ wá háńgà onígi tàbí oníke tí ara ẹ̀ jọ̀lọ̀, ẹ ṣẹ́ táì yẹn po sí méjì lórí ẹ̀, kí ìdí ńlá àti ìdí kékeré jọ máa já wálẹ̀. Háńgà wáyà tó ti dípẹtà ò dáa, ìpẹtà kì í jáde lára sílíkì. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, tàbí ọjọ́ méjì. Ìrún tí kò jinlẹ̀, bí èyí tẹ́ ẹ fi í wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, á lọ. Lásìkò òjò ó máa ń yá, torí pé ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́. Lásìkò ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ táútáú, tí ètè èèyàn pàápàá ń là, táì lè wà lórí háńgà fún ọjọ́ mẹ́ta kó má yí padà, nígbà yẹn ẹ gbé e lọ sínú balùwẹ̀ lẹ́yìn tẹ́nì kan bá ti fi omi gbígbóná wẹ̀ tán, kó máa gba ìwọ̀nba ọ̀rinrin tó bá kù níbẹ̀. Táì tí wọ́n hun bíi súwẹ́tà, ẹ má gbé ìyẹn kọ́ o, á máa gùn sí i ni, ẹ ká a sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kíká, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an fún ibi ọrùn, níbi tí kókó ti máa ń fi ojú ìrún sí. Ẹ tẹ́ táì sórí tábìlì tó mọ́, ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí ìdí méjèèjì pàdé, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká a láti ibi tẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ẹ, kì í ṣe kíká líle, ẹ kàn jẹ́ kó tẹ̀lé ara ẹ̀. Ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀ tàbí inú ife tó fẹ̀ ẹnu, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Táì tó jẹ́ pé ẹ wọ̀ ọ́ ní Sunday, tẹ́ ẹ tú u, tẹ́ ẹ ká a lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ ẹ bá máa mú un ní Tuesday ẹ lè má rí nǹkankan lára ẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni ooru omi, ibí ni màá dúró sí díẹ̀ torí pé òun gan-an ni iṣẹ́. Àwọn tó ń gbé lókè òkun á ní kẹ́ ẹ kàn ṣí ṣáwà gbígbóná, wọ́n á gbàgbé pé lọ́pọ̀ ilé ní Mopa, ní Isanlu, ní Iyara, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wẹ̀. Kò burú, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà á ṣe é, kódà kò ní lo iná NEPA. Ẹ fọ balùwẹ̀ yẹn kí ibẹ̀ mọ́, ẹ ti fèrèsé. Ẹ gbé omi kaná lórí sítóófù tàbí gáàsì títí á fi hó, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì irin tàbí èyí tó nípọn, ó gbọ́dọ̀ tó ìlàjì bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ rọra o, kí àwọn ọmọ má sí nítòsí. Táì ti gbọ́dọ̀ wà lórí háńgà kẹ́ ẹ tó gbé omi dé, kí ìdí ẹ̀ jìnnà sí omi tó apá èèyàn kan, kí omi kankan má ta sí i. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tó. Tí balùwẹ̀ bá tóbi tí ooru ń sá lọ, ẹ pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Ooru yẹn á lọ kan páànù tàbí síílìn lókè, á di omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá bọ́ sórí sílíkì, ó lè fi àmì róbótó sílẹ̀ tó máa hàn ju ìrún tẹ́ ẹ ń bá jà lọ. Torí náà ẹ wo òkè kẹ́ ẹ tó gbé táì kọ́, ẹ má gbé e sábẹ́ ibi tó ń kán, tí kò bá sì sí ibòmíì, ẹ ta táwẹ́ẹ̀lì kan sórí okùn lókè ẹ̀ kí ó bò ó láì fara kàn án.

Tẹ́ ẹ bá padà wọlé, táì á ti rọ̀. Ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ fà á wálẹ̀ láti òkè, jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti ṣe é ju iwájú lọ, ẹ má nà án tipátipá torí pé kírọ́ọ̀sì ni, ó lè gùn kọjá bó ṣe yẹ, àti pé sílíkì tó lọ́rinrin kì í lágbára tó èyí tó gbẹ. Ibi tí ìrún bá jinlẹ̀ sí, ẹ fi ìka méjì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú kẹ́ ẹ fà á díẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ wá gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn, oòrùn ń sọ sílíkì di ahẹrẹpẹ ó sì ń ṣí àwọ̀ ẹ̀. Wákàtí méjì ó kéré tán kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, tó bá jẹ́ àsìkò òjò ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló rún, kẹ́tù náà á ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa kí ooru ẹ̀ jáde gbọọrọ, ẹ di táì mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn ẹ̀ kọjú sí ooru yẹn, kó jìnnà tó ìnà ọwọ́ láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré, torí tó bá sún mọ́ ẹnu kẹ́tù jù ṣe ló máa tutọ́ omi sí i. Ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀, ẹ má dúró lójú kan, ẹ sì ṣọ́ ọwọ́ yín, ooru omi ń bóni ju omi fúnra ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní stíímà alọ́wọ́, ìyẹn dáa jù, ẹ kọ́kọ́ fín in sí afẹ́fẹ́ tàbí sára aṣọ míì títí tí kò fi ní tu omi mọ́, kẹ́ ẹ tó kọjú ẹ̀ sí táì.

Áyọ́ọ̀nù tó ń tú ooru omi náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n òkè ló gbọ́dọ̀ máa fò. Ẹ dojú táì dé lórí táwẹ́ẹ̀lì funfun, kí ẹ̀yìn ẹ̀ wà lókè. Ẹ wá páálí tín-ínrín, bíi ti páálí inú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ gé e kó rí bí ìdí táì kó sì kéré sí i díẹ̀, ẹ rọra tì í wọ inú táì. Iṣẹ́ páálí yìí ni pé kò ní jẹ́ kí ojú rírán tó wà lẹ́yìn yọ síwájú, torí ìlà gbọọrọ tẹ́ ẹ máa ń rí láàárín táì àwọn èèyàn, láti ibẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù sókè ẹ̀, kó fi bí ìbú ìka méjì jìn sí aṣọ, ẹ tú ooru sí i, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ. Ẹ má tú u sí etí.

Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, tí ìgbéyàwó sì jẹ́ ọ̀la, ó kan títẹ̀. Ẹ yí áyọ́ọ̀nù sí ibi tó kéré jù, lára bọ́tìnì ẹ̀ dọ́ọ̀tì kan ni, ìyẹn ń lọ sí nǹkan bí 110 dígírì Celsius, dọ́ọ̀tì méjì jẹ́ nǹkan bí 150, mẹ́ta ń lọ sí 200, ti mẹ́ta yẹn á jó sílíkì. Kẹ́ ẹ fún áyọ́ọ̀nù lákòókò kó tutù tó bá ti gbóná tẹ́lẹ̀, yíyí bọ́tìnì nìkan ò tó. Ẹ mú áńkáṣíìfù funfun òwú, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́ rárá, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́yìn táì, páálí ṣì wà nínú, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ gbé e sókè. Gbígbé lé àti gbígbé sókè ni o, kì í ṣe fífà lọ fífà bọ̀ bíi ti ṣòkòtò. Àárín nìkan, ẹ fi etí sílẹ̀.

Àwọn tó ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo mọ̀ pé ó ṣì wà nílé púpọ̀ nítorí iná, mi ò ní gbà yín níyànjú láti fi ṣe táì sílíkì. Kò ní ibi tẹ́ ẹ ti máa mọ bó ṣe gbóná tó, eérú sì ń ta jáde. Ẹ lo ti bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Omi fífín láti ẹnu, èyí tí àwọn alágbàfọ̀ ìgbà kan máa ń ṣe, tàbí fífi ọwọ́ wọ́n omi, kò sí fún sílíkì, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀kán omi. Sítáàṣì náà, rárá. Pafúùmù, ẹ fín in sára kẹ́ ẹ tó so táì. Ẹ má fọ̀ ọ́ nínú ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ má sì jẹ́ kí bílíìṣì dé ìtòsí ẹ̀ láéláé, bílíìṣì ń yọ́ sílíkì gan-an ni, kì í ṣe pé ó kàn ń ṣí àwọ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo wá nìyí. Kẹ́ ẹ tó fún táì ní ooru kankan, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wò ó dáadáa. Tí ọbẹ̀ bá ti kán sí i, ooru á kàn jẹ́ kí àbàwọ́n yẹn wọlé ṣinṣin ni. A mọ bí òde wa ṣe rí, iyán ń bọ̀ lórí tábìlì, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń bọ̀, epo ò mọ ẹni tó so táì. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, ẹ má fi omi nù ún, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, ẹ fi tíṣù fà á sókè láì fi ra á, ẹ bu páúdà funfun tí kò ní àwọ̀ lé e, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú kó fa epo yẹn mu, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n kúrò láàárọ̀. Ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ṣì hàn, ọ̀dọ̀ dráì-kílínà ló kù, ẹ sì sọ ohun tó kán sí i fún wọn. Èmi a máa sọ fún àwọn tó bá fẹ́ jẹun lóde kí wọ́n ti ìdí táì bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì láàárín bọ́tìnì méjì, tàbí kí wọ́n tú u pátápátá, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ ò mọ̀wàá hù.

Fún táì tí wọ́n ti tẹ̀ tí etí ẹ̀ ti lẹ̀, ẹ fún un ní ooru omi dáadáa bí mo ṣe ṣàlàyé, tó bá ti rọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là máa yí etí yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń yí òwú, kó lè tún ṣe rọ́bọ́rọ́bọ́, ẹ wá ká a sílẹ̀ láì fún un, kó gbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ní padà di tuntun ṣùgbọ́n á sàn gan-an. Àmì ẹ̀kán omi náà, nígbà míì tẹ́ ẹ bá fún gbogbo ojú ibẹ̀ ní ooru kó lè dọ́gba, tó sì gbẹ tán, tẹ́ ẹ wá fi ibòmíì lára táì yẹn kan náà rọra ra ibi àmì yẹn, á pòórá. Tí òwú ẹ̀yìn bá ti já tí táì ń ṣí, ẹ gbé e lọ bá télọ̀ tó mọ abẹ́rẹ́ ọwọ́ lò, ẹ sọ fún un kó má fi ẹ̀rọ rán an, ẹ̀rọ á fà á le, táì á máa wé mọ́ ara ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń gbé táì lọ fún wa láti fọ̀, yálà ọ̀dọ̀ mi tàbí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, ní Lokoja tàbí Egbe, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ sọ: “ẹ má tẹ etí ẹ̀ o.” Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á yé e lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá bi yín pé kí ló dé, ẹ gba táì yín.

Ìrìn-àjò ló kù. Ọkọ̀ láti Abuja gba Lokoja, gba Obajana, kó tó dé Kabba, bẹ́ ẹ bá ti ki táì bọ àárín aṣọ nínú báàgì tí ẹrù sì gùn ún lórí, á ti rún kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀, eruku á tún ti wọlé. Ẹ ká a bí mo ṣe sọ, ẹ fi áńkáṣíìfù mímọ́ wé e, ẹ fi sínú ife oníke tó ní ìdérí tàbí inú bàtà tuntun tẹ́nì kan ò tíì wọ̀, kẹ́ ẹ gbé ìyẹn sí àárín aṣọ. Tẹ́ ẹ bá délé, kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ ti yọ ọ́ jáde, ẹ gbé e kọ́. Ẹ jẹ́ kí táì kan sinmi ó kéré tán ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó tún so ó. Nínú wọ́dúróòbù, kàǹfọ̀ ò gbọdọ̀ fara kan sílíkì, ẹ fi bébà wé kàǹfọ̀ náà kẹ́ ẹ sọ ọ́ sí igun, lásìkò òjò sì rèé, ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn wọlé, torí pé tí funfun bá ti hù sára sílíkì, ẹjọ́ míì nìyẹn.